Ọpọlọ Kò Ní Àká

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olùkọ́ fẹ̀yìntì sọ ní Adó-Èkìtì. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, àyàfi ibi tí iná ti lọ tí a jókòó de jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn ni mo fò.)

Alága wa, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin yèyé mi, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú ìfaradà oòrùn ọ̀sán yìí. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, nítorí mo rí ẹni méjì ní ìlà iwájú níbí tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi ní ìṣirò. (Wọ́n rẹ́rìn-ín.) Ẹ jẹ́ kí n gbẹ̀san kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má mú bírò o, ẹ má tẹ fóònù. 17 lọ́nà 13, mélòó ni?

(Ariwo sọ. Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn pé 221.)

Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ kì í ṣe ìdáhùn yẹn ni mò ń wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí yín nígbà tí ẹ ń wá a ló gbé mi wá síbí. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ sí i ní ibi tí ẹ fi ń ṣírò nínú ọpọlọ yín. Ta ló ránṣẹ́ pè é? Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Kí ló sì dé tó jẹ́ pé bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, ọpọlọ ẹlòmíràn á ké sí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dáhùn? Mo mú ìbéèrè mẹ́ta wá, ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ẹni tó ń jẹun ènìyàn mẹ́wàá

Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí àádọ́ta ènìyàn ń gbé, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn máa dá jẹ oúnjẹ ènìyàn mẹ́wàá!

Bó bá tilẹ̀ ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́, à bá gbà fún un. Ẹran ẹsẹ̀ ní àká tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní àká tó tóbi. Ọpọlọ kò ní ohun tí à ń pè ní àká. Àgbẹ̀ tó ní àká lè fara da ọ̀dá, ṣùgbọ́n ti ọpọlọ, àfi kí wọ́n gbé e wá fún un gbóná-gbóná, ní gbogbo ìgbà, lọ́sàn-án àti lóru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró pátápátá, kò ní tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí onítọ̀hún á fi dákú. Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ikùn ni wọ́n ń wí, àmọ́ orí gan-an lọ̀rọ̀ náà bá mu jù.

Ọkùnrin ará Ítálì kan wà tó ń jẹ́ Angelo Mosso. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ó rí àgbẹ̀ kan, Bertino, tí egungun orí rẹ̀ fọ́, tí ihò kù níbẹ̀ tí èèyàn fi lè rí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń mí gúlẹ́-gúlẹ́. Mosso gbé ẹ̀rọ lé e. Nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì lù ní ọ̀sán, tí Bertino rántí pé ó yẹ kí òun gbàdúrà, ọpọlọ rẹ̀ wú sókè. Mosso tún ní kó ṣírò 8 lọ́nà 12. Ó tún wú! Ẹ rí i pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi ìṣirò yọ àgbà lẹ́nu. Ní 1890, Roy àti Sherrington kọ ọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tó fi ń pe ẹ̀jẹ̀ sí ibi tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Wọn ò mọ ọgbọ́n náà tán. Ó gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí a tó rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹnu ẹ̀rọ

Ẹ fọwọ́ kan ọrùn yín, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lù? Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá nìyẹn, ó ń lọ sí orí. Àwọn èèyàn rò pé òun ni ọ̀gá. Kì í ṣe òun. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé lọ́nà Mọbà mọ odò Ẹrọ̀, ẹ mọ ìsédò tí wọ́n ṣe sí Ìkùn. Páìpù tó ti ibẹ̀ jáde tóbi, ọmọdé lè rá gba inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́kẹ́ẹ̀tì Yèyé yóò bá kún tàbí kò ní kún, páìpù ńlá kọ́ ló ń pinnu rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ inú àgbàlá ni. Nínú orí, ẹnu ẹ̀rọ yẹn ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí òmíràn nínú wọn kò nípọn tó irun orí kan. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti tò kọjá lẹ́yìn ara wọn. Bí a bá so àwọn wọ̀nyí pọ̀ nínú ọpọlọ ẹnì kan, a ń sọ nípa nǹkan bí 600 kìlómítà. Láti Adó dé Èkó, kí ẹ sì tún padà.

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìyẹ. Dókítà ará Faransé kan, Poiseuille, ṣírò rẹ̀ ní bí ọdún 1840: bí ẹnu páìpù bá fún dé ìdajì, omi tó ń gbà á kọjá kò ní dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ló máa kù! Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń kún ní ìṣẹ́jú kan á wá gba ìṣẹ́jú 16. Nítorí náà, ẹni tó bá di ẹnu ẹ̀rọ mú ló di ilé mú.

Ọ̀rọ̀ kẹta: oníbodè

Ibí ni ẹ ó ti ní sùúrù fún mi, nítorí ibí ni iṣẹ́ mi wà.

Ògiri òpó kékeré yẹn ní ẹran tó yí i ká bí òrùka. Bí ẹran náà bá fún, òpó á há. Bó bá dẹ̀, òpó á là. Ta ló ń sọ fún un pé kó fún tàbí kó dẹ̀? Iyọ̀ ni.

Iyọ̀ tó bá yòrò nínú omi máa ń pín sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbé iná díẹ̀ lọ́wọ́. Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Sódíọ̀mù wà níbẹ̀, kálísíọ̀mù wà níbẹ̀, pọtáṣíọ̀mù náà wà níbẹ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì dà bí odi ìlú àtijọ́, wọn kò lè gba ara odi kọjá. Ẹnubodè ni wọ́n ń gbà, ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ló sì ní oníbodè tirẹ̀, ó mọ ẹni tó ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ gbọ́ ìyanu kan. Sódíọ̀mù kéré sí pọtáṣíọ̀mù, síbẹ̀ ẹnubodè pọtáṣíọ̀mù kì í jẹ́ kí sódíọ̀mù kọjá. Kí ẹni tínínrín má lè gba ẹnu ọ̀nà tí ẹni sísanra ń gbà! Ọdún 1998 ni Roderick MacKinnon ya àwòrán ẹnubodè yẹn fún wa, tó fi bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ hàn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Ẹnubodè kan ṣoṣo lè jẹ́ kí pọtáṣíọ̀mù tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì ní ṣìnà mú àlejò.

Ó dáa. Bí ẹnubodè kálísíọ̀mù bá ṣí, tí kálísíọ̀mù rọ́ wọlé, ẹran á fún, òpó á há. Bí ti pọtáṣíọ̀mù bá ṣí, pọtáṣíọ̀mù á jáde, á gbé iná dání jáde, inú sẹ́ẹ̀lì á tutù ní ti iná, ẹnubodè kálísíọ̀mù á sì tì fúnra rẹ̀. Ẹran á dẹ̀. Òpó á là. Gbogbo ẹjọ́ náà nìyẹn: kálísíọ̀mù ń fún, pọtáṣíọ̀mù ń tú. Àwọn ẹnubodè kan tún wà tó jẹ́ pé nínà ògiri ló ń ṣí wọn. Bí ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpó, bá ga, òpó á fún ara rẹ̀ kó má baà tú dànù sórí àwọn kéékèèké tó wà níwájú. Bayliss ti rí èyí ní 1902.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó bí mo ṣe ń wò ó. Mo ti yọ òpó ọpọlọ eku, mo ti ki ẹnu gíláàsì tín-ín-rín méjì bọ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, mo fi okùn tí ojú lásán ò lè rí dáadáa so ó, mo ti ìfúnpá sínú rẹ̀, mo sì gbé ojú lé maikirosíkópù. Òpó á ká jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Nígbà náà ni mo máa kán pọtáṣíọ̀mù díẹ̀ sínú omi tó yí i ká, kó kúrò ní ìwọ̀n 3 kó di 10. Ẹ̀yin èèyàn mi, òpó náà á là gbàgà, bí ọmọ tó ń yán! Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí mo ti rí i. N ò tíì rí i kó sú mi.

Kí ni ìyẹn bá 17 lọ́nà 13 dé? Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń da pọtáṣíọ̀mù síta. Bó ṣe ń ronú ló ń dà á. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Vermont ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú eku pé àwọn òpó tó kéré jù lọ, tí a ti ń pè ní páìpù lásán tipẹ́, ní ẹnubodè kan tó ń tọ́ pọtáṣíọ̀mù yẹn wò. Kir2.1 ni orúkọ rẹ̀. Tó bá ti tọ́ ọ wò, ó ṣí, iná inú sẹ́ẹ̀lì á yí padà, àyípadà náà á sì máa bọ́ láti ara sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, kó máa sáré lòdì sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, títí yóò fi dé ẹnu ẹ̀rọ lókè: “Ẹ ṣí i o, iṣẹ́ ń lọ lọ́hùn-ún!” Bí ẹ bá ti gbé abúlé tí kò sí fóònù, tí ẹnì kan pariwo láti oko, tí ti ilé kejì gbé e, tí ti ilé kẹta gbé e, ẹ ti mọ bó ṣe rí. Ẹni tí ebi ń pa ló ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń pín in.

(Ibí ni iná ti lọ. Ẹnì kan ní “Oníbodè NEPA ti tì í!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.)

Yèyé mi ní Ìkéré

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lọ́dọ̀ eku.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi fún ọdún mẹ́rin ní Ìkéré. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ta uṣu. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi kọ́bọ̀ kan rẹ́ ẹ jẹ. Tó bá fẹ́ gún iyán, ẹ ó rí ètò: á ti gbé omi kaná kó tó mú ọ̀bẹ, bó ṣe ń gé ni yóò máa fọ̀ ọ́, odó á ti wà ní fífọ̀, ọbẹ̀ á ti wà nílẹ̀, omi gbígbóná díẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa fi tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kan ni mo dé láìròtẹ́lẹ̀. Omi ti hó títí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kò sí nǹkan nínú ìkòkò. Iṣu tí ó ti bẹ wà nínú abọ́, ó ti ń dúdú. Yèyé dúró tọ̀bẹ-tọ̀bẹ, ó ń wo iṣu, ó ń wo iná. Ó mọ̀ mí. Ó pe orúkọ mi, ó kì mí ní oríkì mi láìfò ọ̀kan. Kò gbàgbé àná, kò gbàgbé ènìyàn. Èwo ló kàn ni kò mọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀.

Kí ni wọ́n sọ ní agbo ilé? Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní ayé ti mú un. Ẹlòmíràn ní òun gan-an layé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n gbààwẹ̀ fún un, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Lẹ́yìn náà ni ọmọ nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò fi ẹ̀rọ wé apá rẹ̀. 190 lórí 110. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gan-an.

N kì í dá wọn lẹ́bi, torí èmi náà dúró níbẹ̀. Èmi tí mo mọ ìfúnpá gbogbo eku tó wà nínú ilé ìwádìí wa, tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, n kò wọn ti Yèyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe fún oníbodè

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ìfúnpá bá ga fún ọdún mẹ́wàá, ọdún ogún, òpó kéékèèké tó ń fún ara rẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là á wá fún gan. Ògiri rẹ̀ á nípọn. Nínú àwọn eku tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ẹnubodè Kir2.1 tí mo sọ yẹn máa ń dín kù. Ọpọlọ á pariwo, kò sí ẹni tó máa gbé ariwo náà dé òkè. Àwọn okùn funfun tó so apá kan ọpọlọ mọ́ èkejì ló wà ní ìpẹ̀kun páìpù, àwọn ni ìyà kọ́kọ́ ń jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ ọmọ ló kọ́kọ́ ń lọ. Ètò ló ń lọ. Ìyára ìrònú ló ń lọ. Èwo ló kàn ló ń lọ.

Ẹnì kan á ní àrùn òyìnbó ni. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ Èkìtì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wádìí rẹ̀ láàárín wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, òun àti Hugh Hendrie láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Adéṣọlá Ògúnníyì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun ti kú ní 1995 kí èsì ńlá tó jáde. Ní 2001 wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tí iyè ríra, àrùn tó ń ba ìrònú àgbà jẹ́, ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré. Tiwa wà. Àwọn tó tẹ̀ lé iṣẹ́ náà sì rí i lẹ́yìn náà pé àwọn ará Ìbàdàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni ó ń mú jù. Ní ti àrùn rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí tí Máyọ̀wá Òwólabí darí ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe olórí gbogbo ohun tó ń fà á. Ohun tó tún wà nínú rẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àìjẹ ẹ̀fọ́ wà lára wọn. Ẹ̀fọ́! Ní Èkìtì!

Ṣé bí a bá mú ìfúnpá wálẹ̀, orí á ṣe ire? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín èèyàn 9,361 sí méjì: wọ́n gbìyànjú láti mú nọ́ńbà òkè ìfúnpá àwọn kan wá sábẹ́ 120, ti àwọn yòókù sábẹ́ 140. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Àwọn tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu dín ní nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ti 120. Ní ti iyè ríra gan-an, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó èyí tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Bó ṣe jẹ́ ni mo sọ ọ́ yẹn, n kò bù mọ́ ọn.

Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀yin tí ẹ ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. (Ọwọ́ pọ̀.) Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé mì? Oògùn yẹn ń lọ jókòó sí ẹnubodè kálísíọ̀mù ni. Ó ń dènà kó má lè rọ́ wọlé, kí òpó lè dẹ̀. Àwọn ará Vermont yẹn tún fi í wo eku ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní 2021: ó dá ìpè ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọpọlọ wọn, losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ò sì ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ mú ìfúnpá wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ pààrọ̀ oògùn tí dókítà fún un nítorí eku o! Ènìyàn kì í ṣe eku, dókítà yín ló mọ ìdí tó fi yan tiyín. Ohun tó ń dùn mí ni ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀, amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó wá da gbogbo oògùn nù. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ padà lọ sọ fún wọn, oògùn mìíràn wà.

Ìbéèrè méjì

Màmá kan dìde, wọ́n ní: “Ọmọ mi, o ní pọtáṣíọ̀mù ló ń ṣí òpó. Ṣé ká máa lo kán-ún dáadáa nìyẹn?”

Ẹ ṣeun, Mà. Inú mi dùn pé ẹ bi mí. Kán-ún tí à ń fi se ẹ̀wà, tí à ń fi se ewédú, sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹbí iyọ̀ ni. Ẹ fà á sẹ́yìn. Iyọ̀ gan-an, gbogbo èyí tí ẹ bá jẹ lóòjọ́, pẹ̀lú ti inú Magí, kò yẹ kó kún ṣíbí tíì kan. Pọtáṣíọ̀mù wà nínú ẹ̀fọ́, nínú ẹ̀wà, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, àní nínú uṣu pàápàá, ó sì ń ran ìfúnpá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lónìí, kó lọ ṣí òpó orí yín lọ́la. Ọpọlọ ní odi tirẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, kó bi dókítà kó tó fi kún un.

Bàbá tó dáhùn ìṣirò lẹ́ẹ̀kan ní: “Èyí tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ń padà?”

Nínú eku, bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́ tán. Nínú ènìyàn, okùn funfun tó ti kú kì í jí, sà. Èyí tí ebi ń pa tí kò tíì kú la lè bọ́. Yèyé lo oògùn fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó sùn. Kò padà sí bó ṣe wà, kò sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ kan máa ń dúró tì í nídìí iná, á ní “Yèyé, omi ti hó,” á sì mú iṣu.

Àwọn nọ́ọ̀sì méjì ti gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà báyìí, ẹ̀rọ wọn wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo yín ń wo ojú mi. Ó dáa, èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ.

(Mo lọ, mo ká aṣọ apá mi sókè. 148 lórí 92. Ọmọ nọ́ọ̀sì náà wo ojú mi, ó ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n má sọ̀rọ̀ rárá, òun á tún un wọ̀n.)